Kí ló dé tí Ítálì fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ le wò? Àlàyé lórí àrùn celiac, gluten àti àyẹ̀wò gbogbogbò

Ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó lórí itan ìyá rẹ̀ níwájú dókítà ọmọdé. Ara rẹ̀ le. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń sáré kiri ilé, kò sí ohun tó ń ṣe é. Dókítà fi òwú nu ìka rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún un, ó fún ìka náà díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kán sínú ike kékeré kan tí kò tó ìdérí bíìrò. Ọmọ náà sunkún díẹ̀, ìyá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ọmọ tí kò ṣàìsàn yìí ní àìsàn.

Irú àyẹ̀wò tí Ítálì fẹ́ kó wà fún gbogbo ọmọdé rẹ̀ nìyẹn, látìgbà tí àwọn aṣòfin ibẹ̀ ti fọwọ́ sí òfin nọ́ńbà 130 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Kò tíì sí orílẹ̀-èdè tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ rí. Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irinṣẹ́ kan náà, wọ́n sì ka ìwádìí kan náà, síbẹ̀ wọn ò gbà pé kí wọ́n máa yẹ gbogbo èèyàn wò. Àárín méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, pàápàá nígbà tí wọ́n bá da àrùn celiac, ìyẹn àìsàn tí gluten inú àlìkámà fi ń mú kí ara ba ìfun jẹ́, pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé gluten kò bá àwọn lára mu.

Kí ni òfin Ítálì sọ gan-an?

Kò fòfin de búrẹ́dì. Kò sì ní kí wọ́n fipá gún ọmọ ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ó ní kí ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, kí àwọn ọmọ láti ọdún 1 sí ọdún 17 lè ṣe àyẹ̀wò àìsàn méjì: àrùn celiac, àti ìtọ̀ ṣúgà irú kìíní, ìyẹn èyí tó sábà máa ń mú ọmọdé, tí wọ́n á fi máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì lójoojúmọ́ ayé wọn. Òbí tó bá fẹ́ ló ń fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n yẹ ọmọ òun wò.

Giorgio Mulè, igbákejì olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú ibẹ̀, ló gbé àbá náà wá. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àti àwọn alátakò ló jọ dìbò fún un, ohun tí ojú kì í sábà rí nínú òṣèlú ilẹ̀ yẹn. Wọ́n ya mílíọ̀nù 3.85 owó Yúrò sọ́tọ̀ fún ọdún 2024, iye kan náà fún 2025, àti mílíọ̀nù 2.85 lọ́dọọdún láti 2026.

Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ káàkiri, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba ibẹ̀, Istituto Superiore di Sanità, kọ́kọ́ dán an wò ní agbègbè mẹ́rin: Lombardia, Marche, Campania àti Sardegna. Àwọn ọmọ ọdún 2, ọdún 6 àti ọdún 10 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì lé ní 5,000. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn òbí á gbà, bóyá àwọn dókítà ọmọdé á rí àyè ṣe é láàárín iṣẹ́ tó ti kún ọwọ́ wọn tẹ́lẹ̀, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ ìka tó kán tóó á tó fún àyẹ̀wò méjèèjì.

Àìsàn méjèèjì jọ wà pọ̀ nínú òfin kan torí pé wọ́n jọ ń rìn ni. Àwọn jíìnì kan náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ẹni tó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà irú kìíní máa ń ní celiac ju àwọn ẹlòmíì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn wọn kò dọ́gba, ibí yìí ló sì yẹ kéèyàn ti fara balẹ̀. Ní ti ìtọ̀ ṣúgà, òbí tó bá ti mọ̀ ṣáájú kò ní jẹ́ kí ọmọ dákú kó tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 pàápàá, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí teplizumab, oògùn àkọ́kọ́ tó lè fa ọwọ́ àìsàn náà sẹ́yìn fúngbà díẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Ti celiac ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀.

Kí ni gluten, kí sì ni celiac?

Gluten jẹ́ purotéènì inú àlìkámà, ọkà bálì àti ọkà ráì. Òun ló ń jẹ́ kí fúláwà tí wọ́n pò máa fà bíi rọ́bà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, òun náà ló ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú. Kì í ṣe májèlé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló ń jẹ ẹ́ látìgbà tí wọ́n ti jáwọ́ nínú ọmú títí dọjọ́ ogbó láìsí ìyọnu kankan.

Lára ẹni tó ní celiac, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí gluten bá ti dé inú ìfun rẹ̀, ara á rò pé ọ̀tá ló wọlé, á kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jáde, àwọn ọmọ ogun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìfun fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ fọwọ́ ra táwẹ́lì tuntun wò. Irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, bẹ́ ẹ bá fi nu omi, á fà á mu pátápátá. Inú ìfun kékeré rí bẹ́ẹ̀: ó ní àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ tó ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú celiac, irun táwẹ́lì yẹn ló ń jẹ dànù díẹ̀díẹ̀ títí á fi pá. Oúnjẹ á máa gba orí rẹ̀ kọjá, ara kò ní rí i lò.

Ọmọ kékeré tó bá mú gan-an lè máa ṣu gbuuru, kí ikùn rẹ̀ wú, kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, kó má dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti àgbàlagbà lè fara sin: àìtó ẹ̀jẹ̀ tí oògùn ẹ̀jẹ̀ kò ràn, egungun tó ń tètè dá, àárẹ̀ tí kò nídìí, oyún tí kò dúró. Àwọn míì kò ní mọ nǹkankan lára rárá, bẹ́ẹ̀ ìfun wọn sì ti pá.

Kí ara kọ àlìkámà jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀. Ìyẹn ni kí ara máa yún èèyàn tàbí kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ máa dí kété tó bá jẹ ẹ́. Ohun kẹta, tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù, ni ti ẹni tí inú rẹ̀ máa ń wú, tí orí rẹ̀ máa ń wúwo bó bá jẹ búrẹ́dì, ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò sọ pé kò ní celiac, ara rẹ̀ kò sì kọ àlìkámà. Òun ni wọ́n ń pè ní gluten sensitivity. A ṣì máa padà síbẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àlìkámà ló ń fà á?

Àìsàn náà ti pẹ́. Oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ kan, Aretaeus, ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, ara ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ikùn ni orúkọ celiac sì ti wá. Samuel Gee, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàpèjúwe rẹ̀ kedere lọ́dún 1888, ó sì sọ pé oúnjẹ ni ìwòsàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wá, ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ wo. Lọ́dún 1924, Sidney Haas ní New York ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo àwọn ọmọ náà. Ara wọn ń yá lóòótọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbóríyìn fún, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọn ò jẹ́ kí ọmọ jẹ ló ń ṣiṣẹ́.

Willem Dicke, dókítà ọmọdé ní ìlú The Hague ní Netherlands, ló rí i gbá mú. Ó ti ń fura sí àlìkámà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945 wá dé, ebi pa ìlú, búrẹ́dì di ohun àwárí. Àwọn ọmọ tó lera tẹ́lẹ̀ ń gbẹ. Àwọn ọmọ tó ní celiac ni kò ṣu gbuuru mọ́. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, Dicke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìgbẹ́ àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń yí oúnjẹ wọn padà, ó sì kó àbájáde rẹ̀ jọ sínú ìwé ìwádìí tó fi gboyè lọ́dún 1950. Títí dòní, kò tíì sí oògùn celiac kankan tí wọ́n fọwọ́ sí. Kéèyàn jáwọ́ pátápátá nínú gluten títí ayé ni ìtọ́jú rẹ̀.

Bí ara ọmọ bá le, kí ni wọ́n tún ń wá?

Gbogbo alángbá ló dànú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ètò Ítálì.

Lọ́dún 1994, Carlo Catassi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè Marche. Ọmọ iléèwé lásán ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe aláìsàn. Àwọn tí wọ́n rí tó ní celiac láìmọ̀ pọ̀ ju àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń fi celiac wé òkè yìnyín inú òkun, èyí tí orí rẹ̀ nìkan yọ síta. Àwa tá a gbé nílẹ̀ tí yìnyín kì í sí lè fi wé isu nínú ebè: ewé tó yọ lókè kò sọ bí ohun tó wà nísàlẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ní Sweden, wọ́n yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ọdún 12 wò láwọn iléèwé. Nǹkan bí 3 nínú 100 ló ní in, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni kò sì mọ̀. Ní Ítálì fúnra rẹ̀, ìwádìí kan láìpẹ́ yìí lórí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú bíi mélòó kan fi hàn pé 1.65 nínú 100 ló ní celiac, nínú ọmọ mẹ́wàá tó sì ní in, mẹ́rin péré ló ti mọ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó fara mọ́ àyẹ̀wò gbogbogbò ń béèrè pé: bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ara bá fi àmì hàn nìkan là ń yẹni wò, ta ló máa wá mẹ́fà yòókù rí?

Báwo ni àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ, ṣé ó máa ń ṣì?

Kí ọdún 1997 tó dé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dáa fún celiac gba iṣẹ́ ọwọ́ àti ojú tó mọ nǹkan wò nínú maikirosíkóòpù. Ọdún yẹn ni àwọn onímọ̀ ní Jámánì ṣàwárí ohun tí àwọn ọmọ ogun ara ń dojú kọ gan-an, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní tissue transglutaminase. Bí ẹ̀rọ ṣe wá lè wá àwọn ọmọ ogun náà nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, lówó pọ́ọ́kú, fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ àyẹ̀wò náà ni tTG-IgA. Àìsí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ronú kan irú òfin yìí ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n kò pé. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan wò ó, kì í ṣe iye orílẹ̀-èdè kankan, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní ọmọ 10,000 tí ara wọn le wà níwájú wa, 100 nínú wọn sì ní celiac. Ká ní àyẹ̀wò náà ń rí 95 nínú 100 tó ní in, tó sì ń ṣàṣìṣe lórí ọmọ 2 péré nínú 100 tí kò ní in. Á rí 95 nínú àwọn tó ní in. Àwọn tí kò ní in jẹ́ 9,900, ọmọ 2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì jẹ́ 198. Ìdílé 293 ló máa gba ìpè pé kí wọ́n padà wá, nínú wọn, ọmọ 95 péré ló ní nǹkan kan. Ìdílé 198 ló máa fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan dààmú lórí ohun tí kò sí. Bó bá jẹ́ pé àwọn tí inú ń run tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò, àyẹ̀wò kan náà yìí ìbá ṣàṣìṣe díẹ̀, torí pé àwọn tó ní in láàárín wọn á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ìka kò fi tó láti pe ọmọ ní alárùn. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ míì lápá. Bó bá yẹ, wọ́n á kùn ún lóorun, wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ẹnu rẹ̀ wọ inú, wọ́n á já bíńtín nínú ìfun rẹ̀ láti wò ó. Láti ọdún 2020, ìlànà àwọn dókítà ọmọdé ní Yúróòpù ti gbà pé bí iye inú ẹ̀jẹ̀ bá fi ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ kejì sì tún jẹ́rìí sí i, wọ́n lè má ki rọ́bà bọ ọmọ náà nínú. Ìtura ńlá nìyẹn fún òbí.

Ìṣòro méjì ṣì kù. Àwọn kan wà tí ara wọn kì í ṣe IgA tó, ìyẹn irú ọmọ ogun tí àyẹ̀wò náà gbára lé, àyẹ̀wò á sì sọ pé wọn ò ní nǹkankan nígbà tí wọ́n ní in. Èkejì, celiac lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà. Ọmọ tí àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ lọ́mọ ọdún 2 lè ní in ní ọdún 9. Kò sì sẹ́ni tó lè máa gún gbogbo ọmọ lábẹ́rẹ́ lọ́dọọdún.

Ti jíìnì ńkọ́? Lóòótọ́, ẹni tí kò bá ní jíìnì HLA-DQ2 tàbí HLA-DQ8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kò ní ní celiac láéláé. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 30 sí 40 nínú 100 èèyàn ní Yúróòpù ló ní ọ̀kan nínú wọn, díẹ̀ kíún nínú wọn ni àrùn náà sì ń mú. Jíìnì lè sọ ẹni tí ẹ lè yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀, kò lè sọ ẹni tí àìsàn máa mú.

Kí ló dé tí Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ṣe é?

Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ìgbìmọ̀ US Preventive Services Task Force, tó ń gba àwọn dókítà Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò tó yẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, gbé ìpinnu rẹ̀ jáde lórí celiac. Kò sọ pé kí wọ́n ṣe é. Kò sì sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Ó fún un ní lẹ́tà "I", tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti fi oore rẹ̀ wé ewu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka ìpinnu yẹn bíi pé wọ́n ní àyẹ̀wò náà kò dáa. Ohun tí wọ́n sọ kọ́ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò gbogbogbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò dámọ̀ràn rẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí àwọn ìgbìmọ̀ báyìí ń lò ti wà látọdún 1968, nígbà tí Wilson àti Jungner kọ ìlànà mẹ́wàá fún Àjọ Ìlera Àgbáyé. Lára rẹ̀ ni pé kí àìsàn náà jẹ́ ìṣòro gidi, kí ìtọ́jú rẹ̀ wà, kí àyẹ̀wò rẹ̀ dára, kí ara àwọn èèyàn sì gbà á. Celiac yege nínú ìwọ̀nyẹn. Ibi tó ti kọsẹ̀ ni èyí tó béèrè pé kí ẹ mọ bí àìsàn náà ṣe ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án.

Ìlú Naples, ní Ítálì kan náà, ni ẹ̀rí tó lágbára jù lórí èyí ti wá. Àwọn dókítà ibẹ̀ ṣọ́ àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi àmì celiac hàn, ṣùgbọ́n tí ìfun wọn ṣì dáa. Ọmọ 279 ń jẹ gluten wọn lọ bó ṣe wà, wọ́n sì ń tọ́jú wọn lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọdún tó tó méjìlá. Nínú wọn, ìfun ọmọ 42 ló bàjẹ́. Àmì náà pa rẹ́ pátápátá nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 89. Ìgbà kì í dọ́gba lórí gbogbo wọn, torí náà nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ, wọ́n fojú bù ú pé ìfun àwọn bíi 43 nínú 100 á ti bàjẹ́ bó bá fi máa di ọdún kejìlá. Ìṣirò yìí ni ìhà méjèèjì ń tọ́ka sí. Ẹnì kan á wò ó, á ní: ẹ ò rí i pé ó ń burú sí i? Ẹnì kejì á ní: àwọn ọmọ 89 yẹn ńkọ́, tí à bá ti gba búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn títí ayé lórí ohun tó lọ fúnra rẹ̀?

Gbígba búrẹ́dì lọ́wọ́ ọmọ kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. Oúnjẹ tí kò ní gluten máa ń wọ́n ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun kan náà ló sì sábà máa ń ní ìwọ̀nba okun oúnjẹ (fáíbà) àti fítámì B. Ìwọ̀n tí òfin gbà kí wọ́n tó lè kọ "gluten-free" sára páálí ni miligíráàmù 20 nínú kílò kan, ìyẹn kò tó èérún búrẹ́dì tó já bọ́ látorí tábìlì. Ìyá ní láti ní pátákó ìgékèé tirẹ̀ fún ọmọ yẹn. Ọmọ á lọ síbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, á jókòó ti kéèkì tí kò gbọ́dọ̀ tọ́ wò. Ẹni tí inú ti ń run tẹ́lẹ̀ á fayọ̀ gbà á, torí ara rẹ̀ á yá. Ọmọ tí nǹkankan kò ṣe rí kò ní ìyẹn tí yóò fi tu ara rẹ̀ nínú. Ìbẹ̀rù àwọn dókítà kan ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa jí i jẹ.

Kí ni àwọn tó fara mọ́ ọn fi ń gbè é lẹ́yìn?

Wọ́n ní ẹni tó sọ pé nǹkankan kò ṣe òun lè má mọ bí ara tó dáa ṣe rí. Ní Finland, lọ́dún 2014, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àgbàlagbà 40 tí mọ̀lẹ́bí wọn ní celiac, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn náà fi àmì rẹ̀ hàn, tí wọ́n sì sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe àwọn. Wọ́n fi kèké pín wọn sí méjì: ìdajì jáwọ́ nínú gluten, ìdajì ń jẹ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, ìfun àwọn tó jáwọ́ ti ń bọ̀ sípò, inú wọn balẹ̀ sí i, wọ́n sì sọ pé ara àwọn fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà mọ̀ nípa ìwádìí yìí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé èèyàn 40 kéré jù láti fi ṣe ìpinnu fún gbogbo èèyàn, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé inú ìdílé tí àrùn náà ti wà ni wọ́n ti ṣà wọ́n.

Àwọn alátìlẹ́yìn tún ń sọ̀rọ̀ nípa egungun. Ìgbà ọmọdé sí ọ̀dọ́ ni egungun ń kó agbára tó máa lò títí dalẹ́ jọ. Ìfun tó ti pá kò lè fa kálísíọ̀mù tó, bí wọ́n bá sì dúró di ìgbà tí obìnrin kan máa dá egungun ìbàdí lọ́mọ ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó sọ nù ti sọ nù. Ọ̀rọ̀ yìí mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n ìwádìí tó máa fi hàn pé yíyẹ gbogbo ọmọ wò dín egungun tó ń dá kù gan-an á gba ogójì ọdún. Òfin Ítálì kò dúró de ìyẹn, ó pinnu láti kó ẹ̀rí náà jọ bó ṣe ń ṣe é lọ. Ní Colorado ní Amẹ́ríkà, ètò ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ASK náà ń yẹ ọmọdé wò fún àìsàn méjèèjì, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìwádìí, kì í ṣe òfin.

Ṣé wọ́n lè yẹ èèyàn wò fún gluten sensitivity náà?

Rárá. Kò sí ohun kankan nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ìgbẹ́, tàbí nínú irun orí tó lè fi í hàn. Ẹni tó bá ń ta irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbowó yín lásán ni. Ọ̀nà tí àwọn dókítà fi ń mọ̀ ọ́n ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe celiac, kì í sì í ṣe pé ara kọ àlìkámà, lẹ́yìn náà kí wọ́n fún ẹni náà ní gluten lọ́sẹ̀ kan, kí wọ́n fún un ní ohun tó jọ ọ́ lọ́sẹ̀ míì láìjẹ́ kó mọ èwo nèwo, kí wọ́n wá wo èyí tó dà á láàmú.

Nígbà tí wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ ní Melbourne ní Ọsirélíà, lórí èèyàn 37, àbájáde tó jáde lọ́dún 2013 ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: nígbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ àwọn irú ṣúgà kan tó máa ń wú nínú kúrò nínú oúnjẹ wọn, gluten kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí kì í ṣe gluten lára wọn. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ní Norway dán èèyàn 59 wò, wọ́n sì rí i pé fructan ló ń dà wọ́n láàmú ju gluten lọ. Fructan, ọ̀kan lára irú ṣúgà yẹn, wà nínú àlìkámà, ó sì pọ̀ nínú àlùbọ́sà àti áyù. Èyí kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Inú ń run wọ́n lóòótọ́. Ohun tó ń fà á ni kò dájú, kò sì sí bí ìjọba kankan ṣe lè máa yẹ gbogbo ìlú wò fún ohun tí kò ní àmì.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà?

Ó kan àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun ní tààràtà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò ní pè yín fún àyẹ̀wò gbogbogbò, ṣùgbọ́n ìlànà ibẹ̀ sọ pé kí wọ́n fi lọ ẹni tí òbí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní celiac, kí wọ́n sì yẹ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà irú kìíní wò. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe káàkiri Amẹ́ríkà, nǹkan bí 1 nínú 100 aláwọ̀ funfun ló ní celiac, nígbà tí ti àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ nǹkan bí 2 nínú 1,000. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Ewu tó wà nínú pé ó kéré ni pé dókítà lè má rò ó rárá bí aláwọ̀ dúdú bá jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú àìtó ẹ̀jẹ̀ tí kò lọ.

Ẹni tó bá sì rò pé àìsàn òyìnbó ni, kó wo àwọn Sahrawi, ẹ̀yà tó ti Ìwọ̀ Oòrùn Sahara wá. Catassi kan náà tó ṣiṣẹ́ ní Marche lọ yẹ àwọn ọmọ wọn wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1999: nǹkan bí 56 nínú 1,000 ló ní in. Kò tíì sí ibòmíì tí wọ́n ti rí iye tó ga tó bẹ́ẹ̀ títí dìgbà náà, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì wà.

Nílé níbí, iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ìrẹsì àti ẹ̀wà kò ní gluten. Búrẹ́dì, sẹ́mò, wíìtì, nudù, pọfù-pọfù, chin-chin àti mítípáì ní in, ọtí àti mọ́ọ̀tì tí wọ́n bá fi ọkà bálì pọn náà ní in. Ẹni tí àyẹ̀wò bá sọ pé ó ní celiac ní ilẹ̀ wa lè jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ ní àjẹyó, ohun tí ọmọ Ítálì tí páàsítà jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ rẹ̀ kò lè sọ.

Ṣé kí n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú búrẹ́dì kí n wò ó bóyá ara mi á yá?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí, òun ló sì ń ba àyẹ̀wò jẹ́ jù. Nígbà tí gluten bá wà nínú ara nìkan ni àwọn ọmọ ogun yẹn máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ti jáwọ́ nínú búrẹ́dì fún oṣù bíi mélòó kan kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè mọ́, ìfun rẹ̀ lè ti hu irun padà, dókítà á sì sọ pé kò ní in. Láti wá mọ òtítọ́, wọ́n á ní kó padà máa jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àwọn míì kò sì lè fara dà á mọ́. Bí ẹ bá ń fura, tàbí tí ẹnì kan nínú ìdílé yín bá ní in, ẹ máa jẹ búrẹ́dì yín bẹ́ ẹ ṣe ń jẹ ẹ́ títí wọ́n á fi gba ẹ̀jẹ̀ yín, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé kó wo iye IgA yín pẹ̀lú rẹ̀.